Jáírò lésà olórùka mi ń kú bí mo bá yí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: ṣé ìpele ìgbì ìmọ́lẹ̀ ni kí n darí ni?

DígíMẹ́ta (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, àmọ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí màá bèèrè nǹkan.

Mo to jáírò lésà olórùka kan jọ, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí nǹkan ṣe ń yára yí tó: dígí mẹ́ta, onígun mẹ́ta tí ìhà rẹ̀ dọ́gba, 40 sẹ̀ǹtímítà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Túùbù gáàsì helium-neon tó ní fèrèsé Brewster (gíláàsì tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè gbà á kọjá láìṣòfò púpọ̀) lórí méjèèjì wà ní ìhà kan. Ìmọ́lẹ̀ pupa, 632.8 nanómítà. Ìtànṣán kan ń yí lọ sọ́tùn-ún, èkejì ń yí lọ sósì. Mo mú díẹ̀ nínú méjèèjì jáde lẹ́yìn dígí kan, mo pa wọ́n pọ̀ sórí photodiode, ohun tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná, mo sì ń ka iye ìgbà tí ó ń mọ́ tí ó ń ṣú ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gbogbo ẹ̀ wà lórí tábìlì ayípo tí mọ́tò ń yí.

Tí mo bá yí i ní dígírì 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá, mo ń rí nǹkan bí 6,300 Hz. Inú mi dùn. Tí mo bá dín in kù sí 0.2, tó yẹ kí n rí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, 840 Hz péré ni mo ń rí, ìgbì tó wà lójú oscilloscope kò sì rí roboto mọ́, ó ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí mo bá ti lọ sísàlẹ̀ 0.15, ó parí. Kò sí nǹkan kan. Bíi pé tábìlì ò yí rárá.

Mo ti pààrọ̀ photodiode, mo ti tú amplifier palẹ̀ tún un tò. Ẹnì kan tó yọjú sí mi ní kí n lọ darí ìpele ìgbì ìmọ́lẹ̀ náà, ohun tí wọ́n ń pè ní phase, ìyẹn ibi tí òkè àti kòtò ìgbì bọ́ sí. Kò sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kó tó lọ.

TẹléWáyà

Amplifier ẹ ló ń gé ohun tó bá lọ́ra dànù. Kapásítọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kéré jù. Mo fọwọ́ sọ̀yà.

DígíMẹ́ta

Mo rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀gá. Mo wá fi iná LED kékeré kan tó ń ṣẹ́jú ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá síwájú photodiode yẹn. Ó gbà á wọlé dáadáa. Ohun tó ń kú yìí ti kú tipẹ́ kó tó dé 50.

TẹléWáyà

Ó dáa, mo gba ọ̀rọ̀ mi padà.

BabaOníjáírò

Ọmọ mi, fi photodiode yẹn sílẹ̀, kò ṣẹ̀ ọ́. Mo tún jáírò ọkọ̀ òfuurufú ṣe fún ọdún mẹ́rìndínlógún kí n tó fẹ̀yìn tì. Àìsàn tó ń ṣe ìwọ yìí, mo bá a jí, mo bá a sùn.

Ìtànṣán méjì ló ń sáré yí òrùka rẹ ká, tí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn. Bí tábìlì bá ń yí, ọ̀nà ọ̀kan á gùn díẹ̀ ju ti èkejì lọ, iye ìgbà tí wọ́n ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá á sì yàtọ̀. Ìyàtọ̀ yẹn lò ń kà. Ó parí síbẹ̀ bí dígí bá jẹ́ aláìlábàwọ́n. Ṣùgbọ́n dígí wo ni kò lábàwọ́n? Bí ìtànṣán ọ̀tún bá kan dígí, èyí tó pọ̀ jù á lọ síbi tó ń lọ, bíńtín á sì ta padà sójú ọ̀nà tó gbà wá. Ojú ọ̀nà tó gbà wá yẹn, ọ̀nà ìtànṣán òsì ni. Ọ̀tún ń bu díẹ̀ sínú òsì, òsì náà ń bu díẹ̀ sínú ọ̀tún.

Ẹni méjì tó jọ di ọwọ́ ara wọn mú tí wọ́n ń rìn: bí ìṣísẹ̀ wọn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹsẹ̀ wọn kò ní pẹ́ bára mu, wọn ò sì ní mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń sáré tí èkejì ń rìn gbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ á já, kálukú á máa bá tirẹ̀ lọ. Dígírì 1 ni sáré. 0.15 sísàlẹ̀ ni ìgbà tí ẹsẹ̀ wọ́n bára mu, tí méjèèjì ń gbọ̀n níye kan náà, tí kò wá sí ìyàtọ̀ tí o máa kà. Àwa ń pè é ní ìsomọ́ra.

OníṣíròAláìsùn

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò tì í lẹ́yìn, torí àwọn nọ́ńbà tí DígíMẹ́ta kó wá yìí dùn-ún wò.

Iye tó yẹ kó máa kà ni f = 4AΩ/(λL). A ni ààyè inú òrùka, L ni àyíká rẹ̀, Ω ni ìyára yíyí, λ ni gígùn ìgbì. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1913 tí Georges Sagnac ti fi hàn pé yíyí ń yí ìlà ìmọ́lẹ̀ padà. Macek àti Davis ló kọ́kọ́ wá fi lésà ṣe òrùka ní 1963. Fún onígun mẹ́ta tí ìhà rẹ̀ dọ́gba, ó kúrú sí ìhà kan tí a pín fún (√3 × λ). Ti àbúrò yìí jẹ́ nǹkan bí 365,000 Hz fún rádíánì kan ní ìṣẹ́jú-àáyá, rádíánì kan sì tó nǹkan bí dígírì 57.3. Ìyẹn ni pé dígírì 1 ní ìṣẹ́jú-àáyá yẹ kó fún un ní 6,370 Hz, 0.2 yẹ kó fún un ní 1,274.

Bí ìsomọ́ra bá wà níbẹ̀, ohun tí yóò rí kì í ṣe f. Ó máa jẹ́ √(f² − g²), tí g jẹ́ ẹnu ààlà ìsomọ́ra. Adler ló gbé ìṣirò yẹn jáde ní 1946, fún sákíìtì rédíò, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan lésà. Ààlà rẹ̀ ni 0.15, ìyẹn 955 Hz. Ó yá:

Ní 0.2: √(1,274² − 955²) = 843.
Ní 1: √(6,370² − 955²) = 6,298.

840 àti 6,300 ni àbúrò kà. Kò sí nǹkan kan tó bàjẹ́ nínú ohun èlò rẹ. Tẹ̀ tí ìgbì náà ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yẹn pàápàá, ara ẹ̀ ni: wọ́n ń lọ́ra níbi tí wọ́n ti fẹ́ so mọ́ra, wọ́n ń sáré kọjá níbi tí wọn ò ti fẹ́.

ÌgbìŃrìn

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Jáírò onífáíbà, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú okùn gíláàsì gígùn kọjá, ni mo mọ̀. Níbẹ̀, a máa ń fi ìpele ìgbì ṣeré láti ẹnu ọ̀nà fáíbà, à ń sún un síwá sẹ́yìn ní ìdá mẹ́rin ìgbì kan, a sì tún ń fi sún un padà ní òdì kejì yíyí kí àmì lè máa wà lórí òdo. Kí ló dé tí kò fi lè fi piezo, ohun tí fóltéèjì ń mú gùn tàbí kúrú, gbọn dígí kan kó parí?

OníṣíròAláìsùn

Ìbéèrè tó dáa ni, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í.

Nínú fáíbà, ìta ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Ó kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó jáde, ìyàtọ̀ ìpele ìgbì méjèèjì sì ni ohun tí ẹ ń wọ̀n. Ẹ ń sún ọ̀kan kó tó kan èkejì nítorí fáíbà náà gùn, ìdí nìyẹn tí sísún lẹ́nu ọ̀nà fi ń mú ìyàtọ̀ wá.

Nínú lésà olórùka, inú òrùka ni wọ́n ti ń bí ìmọ́lẹ̀ náà. Gígùn òrùka ló ń pàṣẹ iye tí ó máa gbọ̀n. Tí ẹ bá gbọn dígí kan, ọ̀nà ọ̀tún àti ọ̀nà òsì ló gùn pọ̀ tàbí kúrú pọ̀. Méjèèjì á jọ sún, ìyàtọ̀ wọn á dúró níbi tó wà. Ẹ ò rí nǹkan kan mú níbẹ̀, yàtọ̀ sí pé ẹ da lésà láàmú.

DígíMẹ́ta

Ìpele ìgbì wo wá ni wọ́n ní kí n darí?

BabaOníjáírò

Ti ìmọ́lẹ̀ bíńtín tó ń ta padà ni. Jókòó, màá là á fún ọ.

Dígí mẹ́ta lo ní, kálukú wọn ń ta tirẹ̀ padà. Àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń bọ́ sínú ìtànṣán kejì. Tí òkè ìgbì ti dígí kìíní bá bọ́ sórí òkè ìgbì ti èkejì, wọ́n á ti ara wọn lẹ́yìn, ìsomọ́ra á le. Tí òkè ọ̀kan bá bọ́ sínú kòtò èkejì, wọ́n á pa ara wọn jẹ. Dígí kan náà, ìdọ̀tí kan náà, àdánù kan náà. Ibi tí òkè bọ́ sí nìkan ló yàtọ̀. Ibi tí òkè bọ́ sí sì wà lọ́wọ́ bí dígí kan ti jìnnà sí ìkejì, tí a bá fi ìdá gígùn ìgbì kan wọ̀n ọ́n.

Tí o bá wá ti dígí kan ṣoṣo síta, jíjìnnà wọn á yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyíká òrùka náà á yí, lésà á sì sún kúrò níbi tí agbára rẹ̀ ti ga jù. O gba ọ̀kan, o pàdánù ọ̀kan. Nítorí náà, dígí méjì ni wọ́n ń lẹ piezo mọ́ lẹ́yìn. Ti ọ̀kan síta, fa èkejì wọlé, ní ìwọ̀n kan náà. Ìhà tó wà láàárín àwọn méjèèjì yìí dúró bó ṣe wà. Ìhà tó kan dígí kẹta láti apá kan gùn, èyí tó kàn án láti apá kejì kúrú. Àyíká kò yẹ̀. Dígí kẹta nìkan ló ti kúrò ní ipò rẹ̀ sí àwọn yòókù, ní ojú ìgbì.

Piezo méjì yìí kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjì, kò sì gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ ọ lójú. Bí méjèèjì bá jọ jáde tàbí jọ wọlé, gígùn òrùka lò ń tún ṣe. Ìyẹn ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti mọ́ jù. Bí wọ́n bá lọ lódìkejì, ìpele ìgbì ìtapadà lò ń tún ṣe.

Kí ni iṣẹ́ kejì ń wò? Èyí ló wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Gbé photodiode kan sí ìtànṣán ọ̀tún nìkan, òmíràn sí ti òsì nìkan, má pa wọ́n pọ̀. Yí tábìlì ní ìyára tó ju ààlà lọ dáadáa. Wàá rí i pé ìmọ́lẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ga ó ń lọ sílẹ̀ ní iye Hz kan náà tí ò ń kà tẹ́lẹ̀. Bí méjèèjì bá jọ ń ga jọ ń lọ sílẹ̀, ibi tó burú jù lo wà. Bí ọ̀kan bá ń ga nígbà tí èkejì ń lọ sílẹ̀, agbára kàn ń lọ ń bọ̀ láàárín wọn ni, èyí tí ọ̀kan sọ nù ni èkejì he, ìsomọ́ra á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. So àmì méjèèjì pọ̀, kí o wá ibi tí àròpọ̀ yẹn ti kéré jù. Kò sí ohun mìíràn tí ẹ̀rọ inú jáírò ńlá ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí.

OníṣíròAláìsùn

Mo fẹ́ kún un díẹ̀. Nínú onígun mẹ́ta, ìtànṣán ń kan dígí ní igun 30 dígírì. Tí dígí kan bá jáde ní d, ìhà méjèèjì tó kàn án á gùn ní 0.866d kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà ń lọ ó ń bọ̀, nítorí náà ìlọ́po méjì ni ìpele rẹ̀ máa fi sún. Tí 2 × 0.866d bá pé gígùn ìgbì kan, a ti yí ká padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. d jẹ́ nanómítà 365. Láàárín 365 yẹn ni ibi tó dáa jù àti ibi tó burú jù méjèèjì wà, kò sídìí láti wá a kọjá bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wò ó: tí ẹ bá ti dígí kan ṣoṣo ní 365 yẹn, àyíká á gùn ní gígùn ìgbì kan gẹ́lẹ́. Lésà á ti fò láti orí ìgbì kan sórí èkejì. Ìdí tí Bàbá fi ní kí ẹ ti méjì nìyẹn.

Bí ìtapadà apá méjèèjì bá dọ́gba lágbára, ààlà ìsomọ́ra ń tẹ̀lé cos ìdajì igun tó wà láàárín àmì ọ̀tún àti ti òsì. Igun òdo, ó kún. Igun 180, òdo.

Akẹ́kọ̀ọ́Físíìsì

Neon wo ló wà nínú túùbù yẹn? Mo bèèrè torí pé ti lásán, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ neon-20 nìkan, máa ń jẹ́ kí ìtànṣán kan pa èkejì. Átọ́ọ̀mù kan náà ni méjèèjì ń jà lé lórí nígbà tí lésà bá wà ní góńgó. Ìdajì neon-20 àti ìdajì neon-22, tó wúwo jù ú díẹ̀, ni wọ́n ń lò nínú jáírò kí kálukú lè rí átọ́ọ̀mù tirẹ̀.

DígíMẹ́ta

Ìdajì sí ìdajì ni, mo dúpẹ́. Mo tún dín iná túùbù kù títí ìmọ́lẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, kí ìgbì kan ṣoṣo lè máa dá ṣiṣẹ́. Àyíká mi jẹ́ mítà 1.2, àwọn ìgbì tó lè gbé inú rẹ̀ fi 250 MHz jìnnà síra wọn, bí iná bá pọ̀, mẹ́ta mẹ́rin ló máa ń jí lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá, mo ti ń lẹ piezo. Ẹ máa gbọ́ mi.

DígíMẹ́ta

Mo ti dé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, mo jìyà.

Ìyà àkọ́kọ́: mo fún piezo méjèèjì ní fóltéèjì kan náà lódìkejì, lésà sì ń fò kiri láti orí ìgbì kan sórí èkejì. Ọjọ́ méjì ni mo fi rò pé ìṣirò ọ̀gá Oníṣírò ló wọ́. Mo wá wọn piezo lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé fóltéèjì kan náà ń ti ọ̀kan jìnnà tó ìlọ́po méjì èkejì. Mo ti rà wọ́n pọ̀ nínú páálí kan náà, kò tiẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn láti wọn wọ́n. Mo fi resistor dín èyí tó lágbára kù títí wọ́n fi dọ́gba, fífò náà sì dáwọ́ dúró.

Lẹ́yìn náà mo gbé photodiode méjì kalẹ̀ bí Bàbá ṣe wí, ọ̀tún sórí X oscilloscope, òsì sórí Y. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ẹyin tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó dùbúlẹ̀ gòkè sọ́tùn-ún. Mo wọ̀n ọ́n: igun tó wà láàárín àmì méjèèjì jẹ́ 40 dígírì. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ń ga jọ ń lọ sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀kan síta fa èkejì wọlé, díẹ̀díẹ̀. Ẹyin náà ń sanra, ó di òbìrípo, ó yí orí sí òsì, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ẹ́rẹ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo. Ibi tó dé tí kò lọ mọ́ ni igun 150.

Mo dín ìyára tábìlì kù níbẹ̀. 0.15, àmì wà. 0.1, ó wà. 0.06, ó wà, ó ti ń tẹ̀. 0.04 ló wá kú.

Mo tì í síwájú sí i, ìsomọ́ra padà wá, ó le, ó tún rọ̀. Láti ibi dídára kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bí nanómítà 360 bí mo ṣe wọn piezo.

OníṣíròAláìsùn

cos 20 jẹ́ 0.94. cos 75 jẹ́ 0.26. 0.15 × 0.26 ÷ 0.94 = 0.041.

Mo máa tẹ èyí sórí ìwé gbé e kọ́ ògiri. Kí n jẹ́ olóòótọ́, oríire wà níbẹ̀ díẹ̀, torí agbára ìtapadà náà máa ń yí bí ẹ ti ń sún dígí, kì í ṣe igun nìkan.

DígíMẹ́ta

Kí ló dé tí kò dé 180?

BabaOníjáírò

Nítorí pé dígí kẹta nìkan lò ń sún ní ti gidi. Ìtapadà dígí kìíní àti èkejì so pọ̀ gbọn-in, ìwọ̀n tí wọ́n jọ ní ni wọ́n ní. Bí ti kẹta kò bá lágbára tó wọn, kò lè pa wọ́n tán, bó ti wù kó bọ́ sí kòtò tó. Fèrèsé Brewster méjì rẹ tún wà níbẹ̀, wọ́n ń ta tiwọn padà, tábìlì ni wọ́n sì dè mọ́, wọn ò bá dígí sún. Ìdí nìyẹn tí àwọn jáírò tí mo tún ṣe kò fi ní fèrèsé rárá: odidi gíláàsì kan ni wọ́n gbẹ́ ihò sí, wọ́n rọ gáàsì sínú ihò, wọ́n lẹ dígí mọ́ ẹnu rẹ̀.

Nu dígí rẹ àti fèrèsé wọ̀nyẹn. Kò sí ìpele ìgbì tó lè wẹ eruku.

TẹléWáyà

Kí wá ni gbogbo làálàá yìí wà fún? Ẹ ra dígí tó dáa, ẹ ṣe òrùka ńlá, ó tán. Mo gbọ́ pé èyí tó wà ní Wettzell ní Jámánì ń rí yíyí ayé fúnra rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń tì dígí wá tì í lọ.

OníṣíròAláìsùn

Òótọ́ ni pé ó ń rí i. Onígun mẹ́rin ni, mítà 4 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi sínú ìṣirò òkè yẹn, kí ẹ rántí pé ó dùbúlẹ̀ ní nǹkan bí dígírì 49 sí àríwá, ẹ máa rí nǹkan bí 348 Hz láti ara yíyí ayé nìkan. Ó ti jìnnà sí ààlà ìsomọ́ra rẹ̀, kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni mì í. Ti àbúrò yìí, ká ní ó gbé e lọ sí orí òpó ayé gan-an, 27 Hz péré ni ayé máa fún un, ààlà rẹ̀ tó dáa jù sì jẹ́ 255. Ayé ń yí, jáírò rẹ̀ ò ní mọ̀.

Àmọ́ ẹ má rò pé òrùka ńlá bọ́ lọ́wọ́ ìtapadà. Kò ní so mọ́ra, ṣùgbọ́n ìtapadà á ṣì máa fa nọ́ńbà náà díẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí gígùn rẹ̀ ti ń yí. Àwọn tó ń lo ti Wettzell ní láti yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò wọn kí wọ́n tó lè sọ pé ọjọ́ kan fi mìlísẹ́kọ́ńdì díẹ̀ gùn ju òmíràn lọ. Ohun tí wọ́n sì ń wò láti yọ ọ́ ni gíga àti lílọ sílẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ọ̀tún àti òsì, ohun kan náà tí DígíMẹ́ta gbé sórí X àti Y.

BabaOníjáírò

Ẹ tún gbé mítà 4 sínú imú ọkọ̀ òfuurufú, kí ẹ sọ bó ṣe gbà.

TẹléWáyà

Ẹ máa rẹ́rìn-ín mi lọ.

DígíMẹ́ta

Bàbá, ẹ̀yin tí jáírò yín kéré wá ńkọ́? Ẹ kò lè dúró lórí títì dígí nìkan.

BabaOníjáírò

A kò dúró lórí ẹ̀. A ń mì í. Jáírò lésà ti wà nínú Boeing 757 àti 767 láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìró rẹ̀ sì ni o kọ́kọ́ máa gbọ́ tí o bá fetí mọ́ àpótí náà. Irin líle kan, bíi sípíríǹgì, ló gbé gíláàsì náà dúró láàárín. Piezo ń mì í síwá sẹ́yìn ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá. Kì í jẹ́ kí àwọn méjèèjì ráyè so ẹsẹ̀ pọ̀.

OníṣíròAláìsùn

Ká sọ pé a mi gíláàsì kékeré kan tí ìhà rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, ní ìgbà 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá, tó ń lọ sápá kọ̀ọ̀kan ní ìdá mẹ́rìnlélógún dígírì kan. Ìyára rẹ̀ lágbede méjì á ju dígírì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Ààlà ìsomọ́ra ò ju ìṣẹ́jú ojú kan lọ nínú ìrìn yẹn. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dúró kó tó yí padà, ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ní gbogbo ìgbà tó bá sì ń dúró, àwọn méjèèjì á di ara wọn mú fún ìgbà kúkurú, àṣìṣe bíńtín á wọlé.

Bí mímì náà bá ń lọ déédéé bí aago, àṣìṣe wọ̀nyẹn á bára wọn jọ, wọ́n á máa rọ́ síbì kan náà. Wọ́n máa ń da rúdurùdu díẹ̀ sínú mímì náà kí àwọn àṣìṣe lè máa tako ara wọn. Kì í tán. Ó kàn di ariwo tó ń rìn gbéregbère ni, tó ń kó jọ pẹ̀lú gbòǹgbò ìlọ́po méjì àkókò.

ÌgbìŃrìn

Gbòǹgbò àkókò, ẹ fẹ́ sọ.

OníṣíròAláìsùn

Ẹ ṣeun. Gbòǹgbò àkókò ni. Orúkọ mi ti ṣàlàyé aago tí mo fi ń kọ ọ́.

BabaOníjáírò

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìpele ìgbì ti wọlé padà nìyí, TẹléWáyà. Ariwo yẹn ń tẹ̀lé ààlà ìsomọ́ra. Tí o bá fi títì dígí sọ ààlà náà di kékeré, gbogbo ìgbà 800 yẹn ni àṣìṣe á fi kéré. Mímì ló ń gbà ọ́ lọ́wọ́ ikú. Ìpele ìgbì ló ń pinnu bí ara ẹ á ṣe le tó. Àwọn méjèèjì ni, kì í ṣe ọ̀kan.

DígíMẹ́ta

Mi ò tíì ní ohun tí màá fi mì í, tábìlì yìí wúwo jù. Àmọ́ nǹkan mìíràn ń dà mí láàmú. Lánàá mo tún un ṣe dé 150, mo lọ sinmi. Wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ti padà sí 70. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ìmọ́lẹ̀ ṣì wà ní góńgó torí sákíìtì gígùn òrùka ń ṣiṣẹ́.

BabaOníjáírò

Orí kí ni o to dígí lé?

DígíMẹ́ta

Àwo alumíníọ̀mù.

BabaOníjáírò

Hẹn.

OníṣíròAláìsùn

Ẹ jẹ́ kí n bá Bàbá parí "hẹn" yẹn. Mítà kan alumíníọ̀mù ń fi nǹkan bí maikirómítà 23 gùn fún dígírì ooru kan. Ìhà tí túùbù rẹ wà ló ń gbóná ju àwọn méjì yòókù lọ. Tó bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dígírì gbóná jù wọ́n, ó ti gùn jù wọ́n ní nanómítà 920. Sákíìtì gígùn òrùka á rí àyíká tó gùn, á fa dígí wọlé títí àyíká á fi padà bọ̀ sípò. Kò mọ̀ pé ìhà kan ló gùn, kò sì bìkítà. Ìpele ìgbì ìtapadà ti yí ká ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ jáírò láti inú gíláàsì Zerodur, tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn rárá.

BabaOníjáírò

Tí kò bá sí Zerodur, má fi ọwọ́ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan kí o lọ sinmi. Jẹ́ kí sákíìtì máa tún un ṣe fúnra rẹ̀. Máa sún dígí méjèèjì lódìkejì ní nanómítà díẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, lọ bọ̀ lọ bọ̀, kí o máa wò bóyá àròpọ̀ àmì ọ̀tún àti òsì ń pọ̀ tàbí ń dín. Tó bá ń dín, tẹ̀ síwájú. Tó bá ń pọ̀, padà. Jẹ́ kí ìlọ-bọ̀ ti èyí lọ́ra ju ti gígùn òrùka lọ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn sákíìtì méjèèjì á máa jà, ìwọ lo máa dá ẹjọ́ wọn.

Piezo á dé òpin agbára rẹ̀ nígbà kan ṣá. Níbẹ̀, fò padà ní nanómítà 365 kan ṣoṣo. Ibi kan náà lo máa bọ́ sí.

DígíMẹ́ta

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, mi ò ronú kàn án rárá. Mo ti ń ya sákíìtì náà. Tó bá dúró ní 150 fún wákàtí mẹ́fà, màá gbé àwòrán ẹyin náà wá.

OníṣíròAláìsùn

Kọ ooru ìhà túùbù sílẹ̀ pẹ̀lú, lọ́tọ̀ sí ti yàrá.